Ìyàwó Rélùwéè Kò Wọ Ọkọ̀

Àníkẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ní gbé e sílẹ̀, mi ò ní kó o jù ú nù. Jàmíù, wá jókòó ti àbúrò rẹ, kó o sì bá mi pa ilẹ̀kùn yẹn dé, atẹ́gùn orí adágún omi yìí ti fẹ́ gbé mi lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà nínú ilé yìí, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, mi ò sì lè dákẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Àníkẹ́ gbé fíìmù àtijọ́ yẹn wá síwájú mi lẹ́ẹ̀kan, inú mi dùn. Mo ti sọ fún un tipẹ́ pé mo mọ ẹni tó darí rẹ̀, pé ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún un lóúnjẹ nígbà tó darúgbó. Ọmọ náà lọ wá a, ó sì rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. A wò ó, a wò ó, a dé ìparí, ni obìnrin inú rẹ̀ bá sáré tẹ̀lé rélùwéè, ó fò wọlé, ọkọ rẹ̀ gbá a mọ́ra, orin ńlá dún. Àníkẹ́ wá ní, "Aw, Grandma, that's so sweet. Ẹ ní kò wọlé. Ẹ ti gbàgbé ni."

Èmi? Mo máa ń gbàgbé ibi tí mo fi gíláàsì ojú mi sí, ìyẹn ò ní iyàn. Mo máa ń gbàgbé orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ Jàmíù, nítorí orúkọ wọn ò nítumọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò wọ ọkọ̀. Ojú mi ló ṣe. Ohun tí ẹ wò lórí fóònù yẹn, irọ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, irọ́ náà sì tú ilé ẹni kan ká. Ẹ fetí sílẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín, nítorí bí mo bá lọ tán, mi ò mọ ẹlòmíràn tó rí i.

Ṣé ẹ gbọ́ rélùwéè tó ń kọjá yẹn? Níbí, ní South Shore ní Chicago, ó ti mọ́ wa lára, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Ìbàdàn, bí rélùwéè bá fọn fèrè, gbogbo agbo ilé wa ló ń gbórí sókè. Aláró ni àwọn ìyá wa. Láti àárọ̀ ni a ti ń gbọ́ òǹlù tí wọ́n fi ń lu aṣọ kó lè dán, gbì, gbì, gbì, àfi bíi pé ilé ń mí. Bí fèrè rélùwéè bá dún, òǹlù á dúró. Ẹnìkan á ní, "Àwọn kan ti ń lọ." Ẹlòmíràn á ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ wọn." Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún máa lu aṣọ wọn. Ta ló ń gbàdúrà fún èrò ọkọ̀ tí kò mọ̀ rí lónìí? Ẹ̀yin gan-an, bí rélùwéè bá pẹ́ díẹ̀, èébú ni.

Sinimá wa nígbà náà kò ní òrùlé. Ọ̀kan nínú àwọn Kóráà, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń ta aṣọ, ló ni ín. Ògiri kan tí wọ́n kùn ní funfun ni wọ́n ń ta àwòrán sí, àwa sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń gé ni nídìí. Ẹ̀rọ á máa ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa. Bí òjò bá dé, a ò ní í lọ sílé o, bẹ́ǹṣì la máa gbé lé orí, a ó sì máa wò ó lọ. Ìgbà mìíràn, fíìmù á já láàárín, ògiri á funfun báláú, àwọn ọmọkùnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ọ̀gá ẹ̀rọ náà á sì máa bú ìyá àwa tí a jókòó láìmọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń mú mi lọ, nítorí ọmọge kì í dá lọ síbẹ̀ nígbà náà. Ilẹ̀ á ti máa ṣú bọ̀, a ó sì bá àwọn ìyá kan láti agbo ilé wa níbẹ̀, aró ṣì wà ní ọwọ́ wọn dé ìgbúnwọ́.

Àwòrán yẹn ń sọ òyìnbó, àwa ò sì gbọ́. Nítorí náà, a ní ògbufọ̀. Bọ́dà Làmídì ni orúkọ rẹ̀. Á dúró ti ògiri pẹ̀lú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, á máa tọ́ka sí èyí tó ń sọ̀rọ̀, á sì máa pariwo ohun tó ń wí ní Yorùbá. Ìdajì ohun tó ń sọ, irọ́ ni, ìdajì kejì, àsọdùn. Bí òyìnbó kan bá di ọwọ́ obìnrin mú tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i létí, Làmídì á ní, "Ó ń bi í léèrè bóyá ó mọ iyán gún!" Gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù nísinsìnyí, olúkúlùkù fi nǹkan dí etí, ẹ ń sunkún nínú yàrá yín lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ní tiwa, a jọ ń sunkún ni, ọmú abiyamọ kan á sì máa wà lẹ́nu ọmọ rẹ̀ láàárín ẹkún náà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí fíìmù yìí. A ò mọ orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́. Àwa sọ ọ́ ní Ìyàwó Rélùwéè. Obìnrin kan ni, ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì jọ fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá obìnrin náà ń ṣàìsàn nílé, apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Wọ́n dé ibùdókọ̀ rélùwéè, èéfín bo gbogbo ibẹ̀, ọkọ ti gòkè, ó na ọwọ́ sí i. Ẹ wá wo ilé sinimá wa! Àwọn ọmọkùnrin ń kígbe pé, "Wọlé! Wọlé! Ọkọ̀ fẹ́ lọ!" Àwọn ìyá ń lọgun láti ẹ̀yìn pé, "Má lọ o! Ta lo fẹ́ fi ìyá rẹ sílẹ̀ fún?" Ọkọ̀ ṣí. Obìnrin náà di fìlà rẹ̀ mú nítorí atẹ́gùn. Ọkọ̀ kọjá tán, èéfín lọ díẹ̀díẹ̀, a sì rí i, ó dúró síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó rìn díẹ̀, àpótí náà wúwo, ó gbé e sílẹ̀, ó pààrọ̀ ọwọ́, ó sì ń lọ sílé. Kò wẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ kò korò, kò sì sunkún. Bọ́dà Làmídì na ọ̀pá rẹ̀ sókè láti sọ̀rọ̀, kò rí nǹkan kan sọ, ó sì tún fà á wálẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Làmídì.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Mo dàgbà, mo fẹ́ bàbá àgbà yín, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ó wá kàwé níbí, mo sì tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi wọ ọkọ̀. Ìyá mi ní kí n máa lọ, ó ṣe àdúrà fún mi, ó sì ní àwọn ọmọ mìíràn lọ́dọ̀. Gbogbo ènìyàn kọ́ ló ń rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ní Chicago ni iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó, kí n tó kàwé di nọ́ọ̀sì. Ilé ìtọ́jú àgbà náà kò jìn sí ibi tí a wà yìí, ojú fèrèsé rẹ̀ sì kọ sí adágún.

Bàbá kan wà ní yàrá ìparí. Mista Lọ́ńdì ni orúkọ rẹ̀. Òyìnbó ni, ó ga, ó rí gbọọrọ, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo wọ yàrá rẹ̀, mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò tíì fi aṣọ bọ ìrọ̀rí tán, ni bàbá bá kígbe mọ́ mi: "Kọ́ọ̀tù!" Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ ó ní "cut" ló wí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá eré fíìmù dúró. Etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé kò mọ ìyẹn. Kọ́ọ̀tù ibi tí adájọ́ wà ni mo gbọ́. Ìwé ìgbélùú wa kò sì tíì jáde. Mo ní ó ti tán, bàbá yìí fẹ́ gbé mi lọ sílé ẹjọ́ nítorí ìrọ̀rí. Mo kúnlẹ̀ gbì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Please sir, I have a husband, I am begging you, no kọ́ọ̀tù." Bàbá wò mí, ó wò mí. Ó ní, "Ó dára. Tún un ṣe, ṣùgbọ́n má yára kúnlẹ̀." Èmi ò mọ̀ pé ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni àwa tó jẹ́ Yorùbá níbẹ̀ ti ń pè é ní Bàbá Kọ́ọ̀tù, òun náà sì ń jẹ́ ẹ.

Olùdarí fíìmù ni, nígbà tí àwọn sítúdíò ńláńlá ní Kalifọ́níà ń ṣe ìjọba. Iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí fíìmù ò tíì lóhùn. Ó gbálẹ̀, ó fa wáyà, ó di ẹni tó ń kígbe pé kí gbogbo èèyàn dákẹ́, títí wọ́n fi gbé fíìmù kékeré kan lé e lọ́wọ́. Ẹ má rò pé olùdarí ìgbà náà dà bí tòde òní tí wọ́n máa ń sọ pé "my vision, my vision". Òṣìṣẹ́ olóṣù ni. Wọ́n á fún un ní ìtàn lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá di ọjọ́ Ajé ó ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kó ya màlúù, màlúù ló ń yà. Bí wọ́n bá ní ìtàn olè ni, ó di olè. Ó ní òun ti ń darí ogun lọ́wọ́ láàárọ̀ rí, tí wọ́n wá pe òun lọ́sàn-án pé kí òun lọ bá ẹlòmíràn parí ìgbéyàwó tirẹ̀, nítorí inú ń run onítọ̀hún.

Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, bí mo bá ń gé èékánná rẹ̀, ìtàn ọgbà sítúdíò ló máa ń sọ. Ó ní gbogbo iṣẹ́ ayé ló wà nínú ọgbà náà: káfíńtà, télọ̀, onídìrí, onífèrè, àti ọkùnrin kan tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa rọ òjò láti inú páìpù. Wọ́n kọ́ àdúgbò tó níwájú tí kò lẹ́yìn. O ṣí ilẹ̀kùn ilé ọlọ́rọ̀, o bá ara rẹ nínú koríko. Kọnfúléèkì tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ni wọ́n ń pè ní yìnyín, bí òṣèré bá sì tẹ̀ ẹ́, ariwo rẹ̀ á bo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó ń sọ mọ́lẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, fèrè á dún, gbogbo wọn á lọ jẹun níbì kan náà, ọba tó dé adé, ẹlẹ́wọ̀n tó wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, áńgẹ́lì tó bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn àga kí ọbẹ̀ má ta sí i.

Mo sọ fún un pé agbo ilé wa ló ń ṣàpèjúwe yẹn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ilé kan ń re aró, ilé kejì ń lu aṣọ, ilé kẹta ń rán an, ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ kì í béèrè iṣẹ́ tí òun máa ṣe. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó yé ọ." Mo bi í pé ibo ni ọgbà náà wà báyìí. Ó ní tẹlifíṣọ̀n dé, èèyàn jókòó sílé, àwọn ọ̀gá tú gbogbo òṣìṣẹ́ ká, wọn ò tún ìwé àdéhùn ẹnikẹ́ni ṣe mọ́. Wọ́n ta ilẹ̀ náà. Ó lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí katakátá ń wó àdúgbò aláìlẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní kò ṣòro láti wó rárá. Èmi náà sọ fún un pé ìjọba ti la títì gba inú agbo ilé wa kọjá. Bàbá yìí ò mọ Ìbàdàn lórí máàpù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún bá mi ṣọ̀fọ̀ agbo ilé wa ní ìlú yìí bí kò ṣe òun.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé èwo nínú gbogbo fíìmù rẹ̀ ló fẹ́ràn jù. Ó ní ọ̀kan wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ òun. Ó wá sọ ti Nórà ìyàwó rẹ̀ fún mi.

Ọmọ Chicago yìí náà ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí iṣẹ́ Kalifọ́níà dé, wọ́n jọ di ẹrù, wọ́n jọ dé ibùdókọ̀ rélùwéè, ṣùgbọ́n Nórà ní ìyá kan tí àrùn ti dá dùbúlẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ ṣí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà. Bàbá ní, "Ó dúró ti ìyá rẹ̀. Èmi ni mi ò sọ̀ kalẹ̀." Ó rò pé òun máa padà wá láìpẹ́. Iṣẹ́ gbé e mì. Wọn ò bímọ, wọn ò sì kọ ara wọn sílẹ̀, wọ́n kàn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù bí ará ìlú òkèèrè. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn ọ̀gá sítúdíò gbà kó ṣe ìtàn kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi sọ fún Nórà lójú gbogbo ayé pé òun ló ṣe ohun tó tọ́. Ó ya ìparí náà bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀gá wò ó, wọ́n ní èèyàn kì í sanwó wá wo ẹ̀dùn ọkàn. Wọ́n pe òṣèré obìnrin náà padà, wọ́n mú olùdarí mìíràn, wọ́n ní kí obìnrin náà sáré wọ ọkọ̀. Wọ́n jó ojúlówó ìparí náà níná. Orúkọ Bàbá ṣì wà lára rẹ̀, nítorí ìwé àdéhùn ò fún un láyè láti yọ ọ́.

Fíìmù náà dé Chicago. Nórà dá lọ wò ó. Ó rí ibùdókọ̀ rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀, ó rí irú kóòtù òtútù tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló rí ara rẹ̀ tó sáré fi ìyá sílẹ̀. Ó fi tẹlifóònù pe ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ohun tí o fẹ́ kí n ṣe nìyẹn. O wá parọ́ mọ́ mi pé mo ṣe é." Bàbá ní kì í ṣe òun, àwọn ọ̀gá ni. Nórà ní ẹ̀rí dà? Kò sí ẹ̀rí. Iná ti jó o. Obìnrin náà kò ṣílẹ̀kùn fún un mọ́ títí ó fi kú. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìgbà tí Bàbá ta gbogbo ohun tó ní tó padà sí ìlú yìí, sàréè ló bá.

Ẹ̀yin ọmọ, láti ìgbà tó ti dárúkọ ibùdókọ̀ ni mo ti ń fura. Ó ń ṣàlàyé ìparí tí wọ́n jó fún mi, ó ní, "Nórà tèmi gbé àpótí rẹ̀ fúnra rẹ̀..." Ẹnu mi kò gbọ́ tèmi mọ́, mo ní, "Ó wúwo. Ó gbé e sílẹ̀, ó pààrọ̀ ọwọ́."

Bàbá gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ní, "Kò sí ẹni tó sọ fún mi, sà. Mo rí i."

Ó di ọwọ́ mi mú tó fi dùn mí. Ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, fìlà, èéfín, gbogbo rẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé, èmi náà sì ń sunkún, ẹni tó ń pín oúnjẹ wọlé, ó bá wa níbẹ̀, ó gbé oúnjẹ náà padà. Bàbá ní wọ́n ti kó ẹ̀dà fíìmù náà díẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kí àwọn ọ̀gá tó yí ọkàn padà, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn padà wá. Ó jọ pé ti Ìbàdàn kò rí ọ̀nà padà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí òtítọ́ náà ìbá wúlò fún ti lọ.

Ẹnìkan péré ló kù nínú ẹbí Nórà, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Mísì Rúùtù. Òun ló kọ orúkọ sílẹ̀ fún Bàbá ní ilé ìtọ́jú náà, nítorí kò sí ẹlòmíràn. Á wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á gbé ọsàn sórí tábìlì, á bi wá bóyá ó ń jẹun, á sì lọ. Kì í jókòó. Kì í pè é ní ẹ̀gbọ́n, kì í pè é ní bàbá, "Mista Lọ́ńdì" ló máa ń wí, bí ẹni tó ń bá onílé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí Bàbá bá fẹ́ dárúkọ Nórà, á gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Bàbá ní, "Sọ fún un. Mi ò fẹ́ kú kó ṣì máa rò pé mo parọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀." Gbogbo ìfẹ́ rẹ̀ láyé kò ju ìyẹn mọ́. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí olùgbé kankan, kó má padà wá mọ́. Mo sọ fún bàbá àgbà yín. Ó ní, "Bí wọ́n bá lé ọ, a ó jọ máa jẹ gàrí."

Ọ̀sán kan, Mísì Rúùtù wá. Ara Bàbá ti rẹ̀wẹ̀sì gan-an, ohùn rẹ̀ kò jáde tán. Mo fún obìnrin náà ní àga, ó ní òun ò ní í pẹ́. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan." Mo sọ ọ́. Mo ní mo rí fíìmù náà nílé wa, obìnrin yẹn kò wọ ọkọ̀. Ojú rẹ̀ le. Ó wo Bàbá, ó wo èmi. Ó ní, "Òun ló kọ́ ọ. Gbogbo ayé rẹ̀, bó ṣe ń kọ́ àwọn obìnrin ní ohun tí wọ́n máa wí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mi ò ní í purọ́. Mo ní, "Mà, ó lè kọ́ mi ní ohun tó wà nínú àwòrán. Ṣé ó lè kọ́ mi ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé sinimá wa? Kò débẹ̀ rí."

Mo wá sọ fún un. Nígbà tí obìnrin náà ń gbé àpótí rẹ̀ lọ, tí Làmídì ò rí ọ̀rọ̀ sọ, àwọn ìyá aláró dìde nídìí bẹ́ǹṣì wọn. Wọ́n mọ̀ pé àwòrán ni, wọn ò ya wèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró ti ìyá rẹ̀, a kì í jẹ́ kó kọjá láìsúre fún un. Wọ́n na ọwọ́ aláró wọn sí ògiri náà, èyí tó dàgbà jù nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o ò ní í dá nìkan darúgbó. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Bí o kò bá bímọ, ọmọ tí o kò bí ni yóò tọ́jú rẹ. Yóò wẹ̀ ọ́, yóò fún ọ lóúnjẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò pa ojú rẹ dé." Gbogbo ilé sinimá ṣe àmín, àti àwọn ọmọkùnrin tó ń kígbe pé kó wọlé.

Mo fi òyìnbó sọ ọ́ fún Mísì Rúùtù bí mo ṣe lè sọ ọ́. Òyìnbó mi nígbà náà kò dán. Mo rò pé kò yé e. Ó na ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n.

Ó ní, "Èmi ni."

Mo ní, "Mà?"

Ó ní, "Èmi ni mo wẹ Anti Nórà. Èmi ni mo fún un lóúnjẹ. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé."

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọwọ́ bàbá náà mú, ó pè é ní Uncle. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un, díẹ̀díẹ̀, bí Nórà ṣe kú. Kò tíì sí ẹni tó sọ ìyẹn fún Bàbá rí, kò sì lè kọ́ mi ní ohun tí kò mọ̀.